Ìbọn Àlòkù àti Àwọn Ìyá Ẹlẹ́ran

Kò sí ẹni tó mọ ìbọn ní Ẹ̀pẹ́ tó àwọn ìyá tí ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Ọjà Olúwo, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò fọwọ́ kan ìbọn rí. Bí ọdẹ bá gbé ọ̀yà dé, ìyá ẹlẹ́ran kì í wo ojú ọdẹ. Á yí ẹran náà dà, á ki ìka bọ inú irun rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìdí, á tẹ ikùn rẹ̀ wò, á gbóòórùn rẹ̀, á wá sọ bó ṣe kú: pàkúté ni, ajá ni, àbí ìbọn ni. Tó bá jẹ́ ìbọn, á tún sọ ibi tí ọdẹ dúró sí tó fi yìn ín. "Èyí ti sún mọ́ ọ jù, o ti fọ́ ọ." Tàbí kó ní: "Òkèèrè lo wà. Ọta kàn fọ́n sí i lára bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sẹ́ran." Kí ẹnu rẹ̀ tó dá owó, ìka rẹ̀ ti dá a.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Olúwo, ẹja ló máa gbà á lójú: àrọ̀, ẹpìyà, òbòkún, edé, akàn, gbogbo ohun tí ọ̀sà bí. Àwọn ará Èkó máa ń wa ọkọ̀ wá lópin ọ̀sẹ̀ torí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sún síwájú díẹ̀, á rí ọ̀nì tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀, á rí awọ́nríwọ́n, á rí òkété àti ẹtu, á rí ọ̀yà tí wọ́n ti wí irun rẹ̀ níná tán tí ara rẹ̀ ń dán. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ pé inú igbó ni, ṣùgbọ́n igbó kì í bá èèyàn wí. Ọdẹ tó bá tàsé nínú igbó á wá àwáwí tó wù ú: afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé dí i, àwọn ayé ni. Ìyá ẹlẹ́ran kò ní gbọ́ gbogbo ìyẹn.

Tíṣà ni mí níbi iṣẹ́, ọdẹ ni mí nígbà ìsinmi. Baba mi lo ṣakabùlà títí ó fi kú. Á da ẹ̀tù sí i látẹnu, á ki àkísà lé e, á da ọta lé ìyẹn, á fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìró kan ṣoṣo. Bí ẹran bá ti sá, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀pẹ́ náà kì í ṣe ìlú tí ìbọn ṣàjèjì sí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù December 1851, ọ̀dọ̀ wa ni Ọba Kòsọ́kọ́ kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá, ibí ló sì wà títí ó fi padà sí Èkó lọ́dún 1862. Ọdún Kayokayo tí a ń ṣe di òní, ìrántí ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ni. Ẹni tó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ á rò pé òun ti mọ ìbọn tán. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí ọmọdé tó ń ru àpò tẹ̀lé baba rẹ̀ lè mọ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Texas. Ìbọn pélébé kan, irú èyí tí ń gba ọta mẹ́fà, tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí wọ́n ti ń yìn ín, ló rà ní àlòkù níbẹ̀. Ó ń fi í yin bébà ní pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn, tí àsìkò ọdẹ bá sì dé, á fi í há ìgbàdí wọ igbó pẹ̀lú ìbọn gígùn rẹ̀. Ó ní kí èmi náà wá irú rẹ̀, pé ó fúyẹ́, kì í dá ni lágara. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pẹ́ lókè òkun."

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959, kó ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kà léèwọ̀: ìbọn ológun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, àti gbogbo pélébé pátá, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí àti èyí tí kì í yí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fi ọwọ́ sí ìwé irú ìyẹn. Ìsọ̀rí kejì ni ti ọdẹ ayé òde òní: ìbọn oníkatiríìjì tí kì í ki ara rẹ̀, ìbọn ọdẹ ọlọ́ta kan tí kì í ṣe irú ti ológun, àti ìbọn atẹ́gùn. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ni ìwé àṣẹ tiwọn. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà baba mi, tí ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Mo tò ó báyìí nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi pé àwọn gbọ́ pé pélébé "tó ní ìwé" wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá ta pélébé fún ọ tó sì kó ìwé lé e, ẹ̀wọ̀n méjì ló tà fún ọ lówó ẹyọ kan.

Tèmi wá di ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Tuntun kọjá agbára tíṣà, mo sì ń wá àlòkù. Bàbá àgbà kan ní apá Agbówà, lójú ọ̀nà tí èèyàn fi ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀kan tó fẹ́ gbé sílẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì fẹ́ ìbọn nínú ilé mọ́. Birmingham ni wọ́n ti ṣe é. Igi ìdí rẹ̀ ti dúdú níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá máa ń sùn lé, irin rẹ̀ ti funfun níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń dì mú. Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́ tìyanu-tìyanu, ó ní: "Ìbọn yìí lágbára. Bó o bá yìn ín, ejìká ẹ á mọ̀ pé o yìnbọn." Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n wo ejìká òun. Ibi tó ń wí ti le, ó ti yàtọ̀ sí ara tó kù.

Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ. Mo mú alágbẹ̀dẹ ìbọn kan dání, ẹni tó níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ṣí ìbọn náà wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá ti búra pé kò sí. Ó pa á dé, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó mì í, ó fetí sí i bóyá ibi tó ti ń ṣẹ́ ń ró. Ó tú ọ̀pá méjèèjì kúrò lára igi, ó fi ìka kan gbé e kọ́ sókè, ó fi igi kékeré lù ú. Ó dún gbọnrangandan, ó sì pẹ́ kí ohùn náà tó tán. Ó ní bí irin tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ bá ti tú, kò ní dún, á kàn sọ pé kọ̀. Ó gbé e sójú ọ̀run, ó yọjú sí inú rẹ̀ láti ìdí, ó yọjú láti ẹnu. Ó ní kí n wò. Bí ọ̀pá bá dára, òbìrí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á yí po ní dọ́gbadọ́gba. Bí nǹkan bá ti tẹ̀ ẹ́ wọnú níbì kan, òbìrí náà á wọ́ níbẹ̀. Tiwa kò wọ́. Ìpẹtà wà nínú èyí tó wà lápá òsì, kékeré, ó ní òun lè nù ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló yí ìdí ọ̀pá náà sókè, ó mú dígí ìwòye jáde lápò, ó ń ka àmì tí wọ́n lù sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí wọ́n ta ìbọn tí wọn ò dán wò. Ilé ìdánwò ti Birmingham ti wà láti ọdún 1813. Wọ́n á yin ìbọn náà pẹ̀lú ẹ̀tù tó ju èyí tí ọdẹ máa lò, bí kò bá fọ́ wọ́n á lu adé sí i, wọ́n á lu ìwọ̀n rẹ̀ tì í. Lára tiwa, adé wà, lẹ́tà BNP wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 12 wà, nọ́ńbà tí alágbẹ̀dẹ sì fi ìka tẹ̀ ni 2½. Ó bi bàbá pé irú katiríìjì wo ló máa ń kì í. Bàbá ní, "Irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò." Ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun rí àwọn tó ti yìn.

Bàbá ní ọ̀rá kan tó kó wọn sí, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń fi ṣeré. Alágbẹ̀dẹ mú ọ̀kan, ó mú òmíràn, ó tò wọ́n sórí ìjókòó. Ẹnu gbogbo wọn ló ti ya. Ẹnu katiríìjì tó yìn dáadáa máa ń ṣí gbalaja, etí rẹ̀ á sì mọ́. Ti bàbá ti já ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ti yọ́ létí. Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn èyí ni mo fi ní ìbọn mi di òní.

Ihò tí katiríìjì ń wọ̀ nínú ìbọn ní gígùn tirẹ̀. Ti àwọn ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ínṣì 2½ ni, èyí tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń pè ní 65 míllímítà. Katiríìjì tó pọ̀ jù lọ́jà lónìí, 70 ni. Kí ló wá dé tí 70 ń wọ inú ihò 65 láìjanpata? Nítorí pé nígbà tí wọn kò tíì yìn ín, ẹnu rẹ̀ ṣì ká wọ inú, ó ṣì kúrú. Ìgbà tó bá gbiná ni ẹnu yẹn á tú, á sì gùn kọjá ààyè tí wọ́n fún un, á lọ dí ibi tí ọ̀nà ti ń fún. Ọta àti ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá máa fipá gba ibẹ̀ jáde. Èéfín kò rí ibi gbà, ó ti ìbọn sẹ́yìn, ìbọn ti ejìká. Agbára tí bàbá fi ń yangàn láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Orí ló yọ ọ́ tí irin náà fi jẹ́ irin gidi, nítorí ìbọn míì á ti ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá kò gbà. Ó ní Òyìnbó ò lè kọ nǹkan sára irin kí òun máa fi ejìká òun ka á. Alágbẹ̀dẹ náà kò bá a jiyàn. Mo bi í níta bóyá kò ní ṣeé ṣe kó gbẹ́ ihò náà gùn sí i. Ó ní ó ṣeé gbẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá gbẹ́, irin á ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un ní Birmingham ti di asán, ta ni yóò sì bá mi dán an wò tuntun? "Ẹ wá katiríìjì 65. Tẹ́ ò bá rí i rà, ẹ má ra ìbọn." Mo wá a rí lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó níwèé, ó wọ́n díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Mo wá lọ dúnàá-dúrà pẹ̀lú bàbá, mo sì fi ẹnu katiríìjì tó ya yẹn já owó.

Owó sísan kọ́ ló ń mú ìbọn wọlé o. Ìwé bàbá, ti bàbá ni. Kò ṣeé tà mọ́ ìbọn, kò sì ṣeé jogún. Ìbọn náà wà nílé rẹ̀ títí tèmi fi jáde. Òjò rọ̀, òjò dá. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, wọn ò gbọdọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Èmi rèé pẹ̀lú dígí lójú. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa dá mi padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n ka nǹkan lára ògiri, mo kà á. Gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń kú ní 31 December, ìgbà yòówù kí wọ́n fún ọ. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ ní November ti ra oṣù kan.

Nígbà tí ìbọn dé, mi ò gbé e lọ sígbó. Mo bẹ onílẹ̀ kan tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa lórí ilẹ̀ rẹ̀, tí ibi tí wọ́n gbẹ́ ti di kòtò gbàngbà tí ògiri yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Mo fi tó Baálẹ̀ létí, mo gbé páálí fíríìjì lọ. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. "Tíṣà ń pa páálí! Ṣé ẹ máa sè é ni?" Mi ò bá wọn wí. Katiríìjì wọ́n, ọdẹ kì í sì í fẹ́ fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọta fọ́ ní ẹsẹ̀ tó sì wọ́ lọ kú sínú igbó, òun náà gba katiríìjì.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ní ìlú àwọn tó ṣe ìbọn nìyí: wọ́n á dúró ní 40 yáàdì, wọ́n á yin páálí, wọ́n á wá fa òbìrípo tó fẹ̀ tó 30 ínṣì yí ibi tí ọta pọ̀ sí ká, wọ́n á kà á. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fún dáadáa gbọ́dọ̀ kó bí 70 nínú 100 ọta rẹ̀ sínú òbìrípo náà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá á kó bí 40. Mo mú bírò, mo ń fi àmì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan bí mo ti ń kà á, bí mo ti máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Apá ọ̀tún fọ́n ká. Ní 40 yáàdì, ààyè tó ṣófo láàárín ọta pọ̀ débi pé orí ọ̀yà lè dúró níbẹ̀ kí ohunkóhun má kàn án. Apá òsì ṣù pọ̀, àmọ́ òkè ló ń lọ, ó sì ń ya sápá kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀pá ló wọ́. Alágbẹ̀dẹ wá wo bí mo ṣe ń gbé e, ó ní ọ̀pá kọ́, apá mi ni. Bàbá Agbówà ga jù mí, apá rẹ̀ gùn jù tèmi lọ. Ìbọn àlòkù, ara ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Ó gé ìdí igi náà díẹ̀, ó ha ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn lé. Páálí tó tẹ̀ lé e yàtọ̀.

Ọta náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọta ń kéré sí i. Nínú ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, áúnsì kan nọ́ńbà 6 jẹ́ bí ọta 270. Áúnsì kan BB kò ju bí 70 lọ. Àwọn ọdẹ wa fẹ́ràn ọta ńlá, wọ́n ní òun ló ń dá ẹran dúró. Páálí sọ nǹkan míì fún mi. BB láti apá ọ̀tún mi, ní ọ̀nà tó jìn díẹ̀, ihò rẹ̀ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè ka iye tó bà níbi tí mo fojú sùn lórí ìka ọwọ́ kan. Mo wá pín in: apá ọ̀tún fún ẹran tó wà nítòsí, pẹ̀lú ọta kéékèèké; apá òsì fún èyí tó bá jìn, kò sì gbọdọ̀ jìn kọjá ibi tí páálí ti jẹ́rìí sí.

Páálí kì í ṣe ẹran ṣáá. Ìyẹn ni Olúwo fi kọ́ mi ní èyí tó kù. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ra tọwọ́ mi. Èyí àkọ́kọ́ tí mo gbé fún un, mo ti ń fi yangàn lójú ọ̀nà. Ó yí i dà, ó rán ọmọ rẹ̀ ní ọ̀bẹ, ó la awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ń fi èékánná yọ ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé, ó dà á sí mi lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ gba irin yín. Ẹran ni mò ń tà." Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi: oníbàárà kan láti Èkó ti gé irin jẹ rí nínú ẹran tí òun tà, eyín rẹ̀ kán, láti ìgbà náà kò dúró lọ́dọ̀ òun mọ́, kódà kì í kí òun. Ẹran pàkúté kò ní irin, àmọ́ bí ẹni tó dẹ ẹ́ bá pẹ́ kó tó lọ wò ó, inú rẹ̀ á ti wú. Ẹran ìbọn ló tutù jù bí ọta bá wà ní orí àti ọrùn nìkan, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra orí torí ẹran.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti yin ẹran tó bá kọ ìdí sí mi, tàbí èyí tó ń sá. Mo máa ń dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, kó gbórí sókè, mo sì máa ń fi ojú wọn ìṣísẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni mo máa ń fi sílẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ọdẹ tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ nínú ẹran; ẹni tó bá tún ro owó katiríìjì 65, òun alára kò ní jẹ níbẹ̀. Ìyá yẹn ṣì máa ń ki ìka bọ inú irun ẹran mi. Bí ohun tó wá kò bá sí níbẹ̀, kì í yìn mí, owó ló kàn máa ń fi kún un.

Irin tó dà sí mi lọ́wọ́ yẹn, òjé ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ju eyín lọ. Òjé rọ̀. Bó bá gbá eegun, á fọ́, ìyókù rẹ̀ tí ojú ò lè rí á ti fọ́n ká inú ẹran yí ojú ọgbẹ́ po. Ohun tí òjé lè fi ọmọdé ṣe, ilẹ̀ wa ti rí i: lọ́dún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, erùpẹ̀ òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ìyẹn pọ̀ ju ti ẹran ọdẹ lọ lọ́nà tí kò láfiwé, ṣùgbọ́n irin kan náà ni. Denmark, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kó ìbọn wá tà fún àwọn baba ńlá wa, ti fòfin de ọta òjé fún ọdẹ láti ọdún 1996. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Irin líle ọ̀hún kò ṣeé kì sínú ìbọn mi, yóò ba ẹnu ọ̀pá àtijọ́ jẹ́. Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń gé ojú ọgbẹ́ sọnù, ní fífẹ̀, bí ìyàwó mi tilẹ̀ ń sọ pé mò ń fi ẹran ṣòfò.

Ẹran tí kò yẹ kéèyàn yìn náà wà. Akika, tí àwọn ọdẹ máa ń mú lọ́wọ́ lásán nítorí kì í sá, ṣe ló ń ká bí bọ́ọ̀lù. Ìpàdé àgbáyé kan ní Johannesburg lọ́dún 2016 ti sọ òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì di èèwọ̀, òfin ilẹ̀ wa lórí àwọn ẹranko tó ń tán lọ sì ti wà láti 1985. Mo ti rí i nínú tọ́ọ̀ṣì rí, mo sì kọjá. Ọjà náà máa ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà mìíràn láìsí òfin. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní July 2014, tí gbogbo èèyàn ń sá fún ẹran ìgbẹ́, ìyá oníbàárà mi di ẹni tó ń ta ẹja yíyan. October ọdún yẹn ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí oníbàárà tó padà wá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù báyìí kì í ṣe ìbọn àlòkù, ilẹ̀ ni. Láti Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà, títí dé ìtòsí wa níbi tí Alaro City ti ń yọrí, igbó tí baba mi ti ń dọdẹ ti di fẹ́ǹsì àti géètì. Ọta nọ́ńbà 6 lè rìn ju 200 yáàdì lọ kó tó balẹ̀. Ọta ńlá tí wọ́n fi ń pa ìgalà lè rìn ju 600. Ẹni tó ń yìnbọn nínú igbó tó ṣẹ́kù sáàárín ilé méjì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran ju bó ṣe mọ ẹran lọ. Lóru ló tún burú. Tọ́ọ̀ṣì orí kì í fi ẹran hàn, ojú rẹ̀ ló ń fi hàn. Ojú ẹtu ń tàn, ti ewúrẹ́ ń tàn, ti ajá ń tàn. Ti èèyàn kì í tàn. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ewúrẹ́ tó ń wá, ìmọ́lẹ̀ rẹ kò ní sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mi ò ṣe ń yìnbọn sí ojú lásán, àfi tí mo bá rí ọrùn, tí mo rí ẹ̀yìn, tí mo sì rí ilẹ̀ tó ga lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọdẹ kan ní mo ti di ojo. Wọ́n lè máa wí.

Bàbá Agbówà ṣì máa ń pè mí. Ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè àwọn ọmọ. Èyí tó pè kẹ́yìn, ó ní:

"Ṣé ó ṣì ń ta ẹ léjìká dáadáa?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Látìgbà tí mo ti ń fi katiríìjì kúkúrú sí i, kò ta mí mọ́."

"Kò ta ẹ́ mọ́?"

"Kò ta mí rárá, sà."

Ó pòṣé. Ó ní, "O ti bà á jẹ́ nìyẹn."